Láti Orí Pátákó Dé Inú Tábìlì: Ìtàn Ọwọ́ Tí Ń So Ọ̀nà Ọ̀rọ̀

Ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1878 ni George Coy ṣí ilé ìsopọ̀ tẹlifóònù ní ìlú New Haven, ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n fi ṣòwò. Oníbàárà 21 péré ni ó ní. Pátákó ni gbogbo ẹ̀rọ náà: bóòtù tí wọ́n fi ń de kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ó kàn mọ́ ọn, wáyà tí àwọn obìnrin ìgbà yẹn ń fi sábẹ́ aṣọ kí ìdí rẹ̀ lè wú sẹ́yìn ni ó sì tẹ̀ ṣe ọwọ́ tí a ń yí. Bí Lágbájá bá fẹ́ bá Tàmẹ̀dù sọ̀rọ̀, ẹnì kan ní láti dìde kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà ti ìhín mọ́ ti ọ̀hún. Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ibi tó wà ń yí padà, ẹni tó ni ín ń yí padà, ohun tó dì mú ń yí padà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yí.

Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sídìí pátákó, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò dùn sí oníbàárà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1878 kan náà, Emma Nutt jókòó sídìí pátákó ní Boston, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di 1893, tẹlifóònù ti wọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ní Èkó. Ẹni tó jókòó sídìí pátákó lágbára púpọ̀: ó mọ ẹni tó ń pe ẹni, ó lè dá ọ̀nà dúró, ó sì lè darí rẹ̀ síbòmíràn. Agbára yìí ló bí Almon Strowger nínú. Ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ tirẹ̀ ní Kansas City. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó gbà pé àwọn tó wà nídìí pátákó ń darí ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ́dọ̀ abánidíje rẹ̀. Ó bá ro ẹ̀rọ kan tí kò ní fi ènìyàn kankan sáàárín. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ náà ní 1891, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní La Porte, Indiana. Ẹni tó ń pè wá di ẹni tó ń so: bó ṣe ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ọ̀pá irin inú ẹ̀rọ ń gòkè, ó ń yí, títí yóò fi kan ojú wáyà tí à ń wá.

Ìyípadà tó jinlẹ̀ jù lọ wá láìpariwo. Ní 1965, ní Succasunna, New Jersey, ilé iṣẹ́ Bell gbé swíìṣì kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 1ESS. Àṣẹ tí wọ́n kọ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Bí nọ́ńbà oníbàárà bá yí padà, àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń tún kọ, wọn kì í tún wáyà so. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ yìí ni ìtàn tí mo ń sọ pín sí méjì: ọwọ́ fi okùn sílẹ̀, ó mú gègé.

Ní nǹkan bí àkókò yẹn náà, Paul Baran ní Amẹ́ríkà àti Donald Davies ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìmọ̀ nípa ara wọn, ti ń ro ohun kan náà: kí a gé ọ̀rọ̀ sí ìdì kéékèèké, kí a kọ àdírẹ́sì sára ìdì kọ̀ọ̀kan, kó sì máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ. Davies ló sọ ìdì náà ní packet. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET, tí wọ́n gbé lé èrò yìí, gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969. Ṣùgbọ́n ara àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kò gba ìdì tó ń rìn kiri bí ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà, kí wọ́n lè ṣèlérí fún oníbàárà, kí wọ́n sì lè gbowó ìlérí náà. Ìlànà X.25 tó jáde ní 1976 fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní virtual circuit. Èmi yóò pè é ní ọ̀nà àìrí. Kò sí wáyà kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè máa pín ẹyọ kan lò. Síbẹ̀, gbogbo swíìṣì tó wà lójú ọ̀nà ti kọ ìrìn-àjò rẹ sínú ìwé, ibì kan náà ni gbogbo ìdì rẹ yóò sì máa gbà. Irú rẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ń ṣí nígbà tí a bá pè, ó ń padé nígbà tí a bá parí. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní PVC, ẹnì kan ló jókòó tó kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi pa á rẹ́.

Bí a bá dárúkọ ATM nílé wa, ẹ̀rọ tó ń pọ owó ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ sí. ATM tí mo ń wí kò bá a tan rárá. Asynchronous Transfer Mode ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ara ibi tí wọ́n ti gbé e ró ni ilé ìwádìí CNET ní Lannion, ní ilẹ̀ Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1988, àjọ CCITT, tó ń gbé ìlànà tẹlifóònù àgbáyé kalẹ̀, mú un gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tí yóò máa gbé ohùn, àwòrán àti ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pe àwọn ìdì rẹ̀, gbogbo wọn sì dọ́gba, kí ẹ̀rọ má baà máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó tì í síwájú.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa tóbi tó. Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ báìtì 32, nítorí bí sẹ́ẹ̀lì bá kéré, ohùn kì í pẹ́ kún un, ìró kò sì ní máa padà sétí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ilẹ̀ wọn fẹ̀ tí wọ́n sì ti ra ẹ̀rọ tó ń pa ìró bẹ́ẹ̀, fẹ́ 64. Wọ́n bu àárín rẹ̀: 48. Wọ́n fi báìtì 5 lé e lórí, ó di 53. Ó ń dùn mí pé nọ́ńbà tí kò rọrùn fún ẹ̀rọ kankan ni wọ́n fi pẹ̀tù sí aáwọ̀ láàárín ènìyàn.

Ṣùgbọ́n nínú báìtì 5 yẹn ni ọgbọ́n wà. Nọ́ńbà méjì ló jẹ gàba níbẹ̀, VPI àti VCI: èkíní ni òpópónà, èkejì ni ipa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ká ní oníbodè kan wà lẹ́nu odi ìlú. Arìnrìn-àjò dé, oníbodè wo àmì ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á, ó fún un ní òmíràn tí bodè iwájú yóò dá mọ̀, ó sì fi ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà jáde hàn án. Iṣẹ́ swíìṣì ATM gan-an nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó gba pọ́ọ̀tù 1 wọlé pẹ̀lú 0/100 lè gba pọ́ọ̀tù 3 jáde pẹ̀lú 0/215. Àmì náà kì í bá a dé òpin ìrìn-àjò; agbára rẹ̀ kò kọjá okùn tó wà láàárín bodè méjì. Oníbodè yìí tún ń ka ẹrù. Lórí okùn 155 Mbps, sẹ́ẹ̀lì tó lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ bí 353,207, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tó bá ilé iṣẹ́ ṣàdéhùn. Bí tirẹ̀ bá ju àdéhùn lọ, swíìṣì lè jù ú nù lójú ẹsẹ̀, tàbí kó fi àmì kan sí i lára pé, bí ọ̀nà bá há, èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ jù nù.

Ta ló wá ń kọ ìwé oníbodè? Ní ìbẹ̀rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ a gbé kọ̀ǹpútà lọ sídìí swíìṣì, a fi okùn so ó mọ́ ọn, a sì máa tẹ àṣẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. SNMP ló gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Jeffrey Case, Mark Fedor, Martin Schoffstall àti James Davin gbé ìlànà náà jáde ní 1988. Wọ́n to gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ bí ẹ̀ka igi, wọ́n fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Sọ́fúwià tó wà lókèèrè lè béèrè ohun tó wà níbẹ̀, tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1994, ìwé RFC 1695 to àwọn tábìlì tí swíìṣì ATM gbọ́dọ̀ ní.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹni tó jókòó sídìí sọ́fúwià yóò kọ́kọ́ tọ́jú pọ́ọ̀tù: ṣé oníbàárà ló dojú kọ ni, àbí swíìṣì míràn? Yóò sọ bí VPI àti VCI ṣe lè gùn tó níbẹ̀. Kò ní fún oníbàárà ní VCI kankan láti 0 dé 31, torí wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀: 5 wà fún ìpè, 16 fún ọ̀rọ̀ tí swíìṣì àti ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn ń bá ara wọn sọ nípa ara wọn. Lẹ́yìn náà, ó kọ àdéhùn ìwọ̀n ẹrù. Ó ṣí ìlà kan nínú tábìlì fún ẹsẹ̀ ọ̀nà tó wà lápá ìhín, ó ṣí òmíràn fún ti ọ̀hún. Ó béèrè lọ́wọ́ swíìṣì pé nọ́ńbà wo ni ẹnikẹ́ni kò tíì lò, ó fi nọ́ńbà yẹn so ìlà méjèèjì pọ̀, ó wá pàṣẹ pé kó dìde. Kó tó pa àṣẹ ìkẹyìn yìí, sẹ́ẹ̀lì kan kò lè kọjá.

Swíìṣì kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ọ́fíìsì 10 bá fẹ́ kí olúkúlùkù ní ọ̀nà tààrà sí ìkejì, ọ̀nà 45 ni. Bí wọ́n bá di 50, ọ̀nà 1,225 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì gba swíìṣì mẹ́rin kọjá, ìsopọ̀ 4,900 ni ẹnì kan ní láti kọ láìṣìṣe. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi fi àwòrán bo tábìlì. Fore Systems, tí àwọn mẹ́rin láti ilé ẹ̀kọ́ gíga Carnegie Mellon dá sílẹ̀ ní Pittsburgh ní 1990, ní sọ́fúwià tí wọ́n ń pè ní ForeView: swíìṣì hàn lójú kọ̀ǹpútà, pọ́ọ̀tù hàn lára rẹ̀, àwòrán yẹn ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kò mú àṣìṣe kúrò. Bí a bá kọ 215 níbì kan tí a kọ 251 ní ìkejì, iná pọ́ọ̀tù yóò máa tàn, okùn yóò pé, swíìṣì yóò sì máa da sẹ́ẹ̀lì nù láìwí nǹkan kan. Wọ́n ní láti ṣe sẹ́ẹ̀lì àkànṣe kan, OAM, tí wọ́n ń rán lọ kó padà wá jíṣẹ́ ibi tó bá a dé.

Ìlànà PNNI, tí ATM Forum, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ATM, fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 1996, gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹsẹ̀ ọ̀nà méjèèjì nìkan ni a ń kọ; àwọn swíìṣì fúnra wọn ń wá èyí tó wà láàárín, bí okùn kan bá já, wọ́n ń wá òmíràn. Èyí ni iṣẹ́ tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ohun tí ATM ṣe, ó sì bà mí nínú jẹ́ pé ó dé nígbà tí ọjà ti ń tú. Ethernet, ìlànà mìíràn tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, ti ń yára sí i, ó pọ́ọ́kú, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀nà sílẹ̀. Báìtì 5 nínú 53 sì ju ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ, owó orí tí oníbàárà ń san lórí okùn tirẹ̀. Síbẹ̀, ní 1999, GEC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra Fore Systems ní bílíọ̀nù 4.5 dọ́là.

Oníbodè kò kú. Nígbà tí ìlànà MPLS jáde ní oṣù kìíní ọdún 2001, àmì rẹ̀ gùn ní bíìtì 20, swíìṣì ń gba ọ̀kan ó sì ń fi òmíràn lé e, gẹ́gẹ́ bí ATM ti ń ṣe, láìsí sẹ́ẹ̀lì. NETCONF, ìlànà tí sọ́fúwià fi ń kọ ìṣètò sínú ẹ̀rọ láti òkèèrè, tẹ̀ lé e ní 2006, OpenFlow láti Stanford ní 2008, èyí tó gba kíkọ ìwé kúrò lọ́wọ́ swíìṣì, tó fi lé sọ́fúwià kan ṣoṣo lọ́wọ́ láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

ATM fúnra rẹ̀ wá sá sínú ilé àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Okùn ADSL, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù, ló gbé e wọlé. Ní ilẹ̀ Faransé, 8/35 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 0/38. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham tó ra módẹ́ẹ̀mù lọ́jà, tí kò gba ti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, yóò bá àpótí méjì pàdé lójú ìwé ìṣètò rẹ̀, VPI àti VCI. Yóò tẹ 0 sínú ọ̀kan, yóò tẹ 38 sínú èkejì, ọ̀nà yóò sì ṣí. Bó bá ṣèèṣì tẹ 39, iná okùn yóò tàn, yóò sì dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan tí yóò ṣí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.