Coal Camp: Àgọ́ Awakùsà Tó Di Ọjà Ẹ̀yà Ọkọ̀

Èédú ló bí ìlú Enugu. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú náà nínú òkè. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Ogbete. Coal Camp ni àgọ́ tí àwọn awakùsà ń gbé.

Lẹ́yìn náà, àwọn mẹkáníìkì àti oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ gba àdúgbò náà kan. Ẹni tí gíà tàbí ẹ́ńjìnì bá dà láàmú, ibẹ̀ ni yóò forí lé. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ́tò fún ara wọn kò le: kí ènìyàn mú ògbólógbòó ẹ̀yà náà dání, kó fi wé tòkunbọ̀ tí wọ́n bá gbé wá, kó má sì rán mẹkáníìkì nìkan lọ rà á.

Kì í ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ nìkan ni Enugu mọ̀: ní Emene, nítòsí ibẹ̀, iléeṣẹ́ ANAMMCO to lọ́rì àti bọ́ọ̀sì Mercedes-Benz pọ̀ ní àwọn ọdún 1980.