Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ìwé Kíkà Nínú Ìwádìí Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ifẹ̀, 1970–1978

Kí ọmọ Yorùbá tó mọ ìwé ni ó ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ: ó ń gbọ́ àlọ́, ó ń dáhùn àlọ́ àpamọ̀, ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí àgbà bá rán an. Ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kò jẹ́ kí ìkójọ yìí pẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kẹrin Gẹ̀ẹ́sì dé, ọmọ tí ó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ sì dákẹ́.

Ìdákẹ́ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbìyànjú láti mú kúrò ní 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Ford Foundation. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ kejì ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́.

Ìwé ni ó gba iṣẹ́ jù. Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ ti wà láti 1943 (orúkọ rẹ̀ pàápàá fi hàn pé wíwí ni ìwé náà fẹ́ fi yéni), ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní láti ṣe ìwé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fúnra wọn. Èrè rẹ̀ kò kéré. Ọmọ tí ó bá pàdé 'ìyọkúrò' nínú ìwé ti mọ 'yọ', ó ti mọ 'kúrò'. Ó lè tú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ó sì fi irú rẹ̀ ṣẹ̀dá òmíràn. 'Subtraction' kò ṣe é tú bẹ́ẹ̀ fún un.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989 fi hàn pé ẹgbẹ́ Yorùbá ta ẹgbẹ́ kejì yọ nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, ìwé tuntun àti olùkọ́ tí wọ́n dìídì kọ́ níṣẹ́ náà kò lè ṣàìní ipa tiwọn. Ó ṣòro láti yà wọ́n kúrò lára èdè.

Àléébù tí ó tóbi ju èyí lọ ni pé àárín àwọn tí ń sọ Yorùbá nílé ni ìwádìí náà ti wáyé. Ní Mile 12, ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí tòmátì àti àlùbọ́sà Òkè Ọya ti ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀. Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni ọmọ ń gbọ́ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí èdè àdúgbò jẹ́ èdè ìkọ́ni jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni ìlànà náà ìbá yàn fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Haúsá ni àwọn kan nínú wọn fi ń gbọ́ ìtàn nílé. Ní 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà.