Fáàfù tó ti inú ìkòkò wá

Fáàfù tí kì í jẹ́ kí páìpù bẹ́, inú ìkòkò ló ti wá. Ní 1679, Denis Papin, ọmọ Faransé, ṣe ìkòkò onídèérí líle tó ń se egungun títí á fi rọ̀. Kó má baà bú gbàmù, ó dá ihò sí i, ó fi ọmọrí kékeré dé e, ó sì gbé ẹrù lé e. Bí ooru omi bá borí ẹrù, á sá jáde.

Bí wọ́n ṣe ń yan fáàfù nìyẹn títí dòní: kó ṣí kí agbára inú tó kọjá ohun tí páìpù lè gbà, kí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó ohun tó ń rọ́ bọ̀. Ẹnu yẹn gan-an, àwọn èèyàn kì í kà á sí!

Àmọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020, nígbà tí iná sọ l'Ábúlé Àdó, tó pa ju èèyàn 20 lọ, NNPC ní ọkọ̀ akẹ́rù ló kọlu sílíńdà gáàsì nítòsí páìpù epo. Fáàfù wo ló fẹ́ dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró?