Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja

Ẹni tí ó bá gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Yanrìn a yọ sókè, omi a pín sí ẹ̀ka, a sì tún pàdé bí irun tí a dì. Ìgbafẹ́ ní ń gbé ènìyàn débẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ní 1841, nígbà tí Àjàyí Crowther bá àwọn Òyìnbó gba ojú omi yìí, ibà pa púpọ̀ nínú wọn. Oko tí wọ́n dá sí ìtòsí ibẹ̀ sì di ahoro. Ní 1854, oògùn kuníìnì ni ó kó ẹgbẹ́ Dókítà Baikie yọ. Ní 2012 àti 2022, ìkún omi lé ọ̀pọ̀ ará Lọ́kọ́ja kúrò nílé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ wo odò náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fojú di í.