Dísìkì Wà Ńbẹ̀, Kọ̀ǹpútà Ò Rí I

Láti Ìwó la ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ká ní akọ̀wé kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà Odò-Orí, ó ń kọ orúkọ àwọn ọlọ́jà. Ó wá pa ìwé dé kí àwọn ará Ògbàágbà tó dé. Ẹ bi í, á ní wọn ò wá. Irọ́ ni: wọ́n wà lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń ṣe àwọn sẹ́fà Linux tí dísìkì wọn wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fibre Channel nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, kernel máa ń wá dísìkì níkọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń pẹ́. Ní 2006, iṣẹ́ Matthew Wilcox wọ Linux 2.6.19: wọ́n lè máa wá wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí dráífà, ìyẹn ètò tó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀, bá ní òun ti parí kí dísìkì tó jẹ́ ìpè, sẹ́fà lè kọ̀ láti tan. Dísìkì ò sì bàjẹ́.

Àwọn kan ní kí kernel kàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá falẹ̀ ńkọ́? 10 ò ní tó nìyẹn. Àtúnṣe gidi wà nínú ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní scan_finished: kernel á máa bi dráífà léèrè bóyá ó ti parí. Dráífà ò gbọdọ̀ ní "bẹ́ẹ̀ ni" kí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé.

Kernel Linux yìí náà ló wà nínú Android ọwọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó ní nǹkan sọnù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ṣé ó tíì dé ni?