ìmìtìtì ilẹ̀

Àpólà orúkọ (ì- + mì + tìtì + ilẹ̀). Mímì tí ilẹ̀ ń mì nígbà tí àpáta abẹ́ rẹ̀ bá yẹ̀ lójijì níbi tí ó ti sán. Ilẹ̀ mì báyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984.

Àwòṣe ìmìtìtì ilẹ̀: ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí ń fi bí àpáta ṣe ń tẹ̀, tí ó sì ń yẹ̀, hàn, kì í sọ ọjọ́.

Àpẹẹrẹ: Jẹnẹrétọ̀ ni ó ń mi ilé wa ní Mushin, kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀.

Ìlò: Àmì ìsàlẹ̀ ni mì gbà, mí jẹ́ ti èémí. Ilé tí ó dá wó ní Yaba kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀, ilé wíwó ni. Atúmọ̀-èdè tí ó bá ṣì í pè ti bọ́ ẹ̀bi lọ́rùn kọ́lékọ́lé.