William Nordhaus: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ayé ṣírò gbèsè èéfín

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ohun tí yóò ná aráyé láti fi epo rọ̀bì àti èédú sílẹ̀, kí wọ́n sì máa lo iná tí kì í rú èéfín, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n William Nordhaus ti Yunifásítì Yale, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 1941, ni wọ́n bí i nílùú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní MIT lọ́dún 1967, Yale ló sì ti fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣe ayé rẹ̀, àfi ìgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba Ààrẹ Jimmy Carter nímọ̀ràn lórí ọrọ̀ ajé láàárín ọdún 1977 sí 1979.

Ìlú Laxenburg, ní Austria, ló wà lọ́dún 1975 nígbà tó kọ ìwé kan tó fi béèrè bóyá a lè kápá afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Lásìkò yẹn, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ka ọ̀rọ̀ náà kún kò pọ̀.

Ohun tó ń sọ kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó bá ra epo bẹntiróòlù, owó tí wọ́n fi wà á, tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fi gbé e dé ilé epo ló san. Ìbàjẹ́ tí èéfín rẹ̀ yóò ṣe kò sí nínú owó yẹn. Ẹlòmíràn ni yóò san án: ó lè jẹ́ àgbẹ̀ tí ọ̀dá mú nílẹ̀ òkèèrè, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí wọn kò tíì bí. Nípa bẹ́ẹ̀, epo yóò máa dà bí ohun tó dínwó ju bó ṣe jẹ́ lọ. (Ní Nàìjíríà, títí di oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ìjọba tiẹ̀ tún ń fowó tiwọn kún owó epo ni.) Ìmọ̀ràn Nordhaus ni pé kí ìjọba gbé owó lé tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí owó náà sì máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ilé iṣẹ́ àti ìdílé lè fúnra wọn wá ọ̀nà tó dínwó jù láti kúrò nídìí èéfín.

Láti mọ iye tó yẹ kí owó náà jẹ́, ó gbé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ DICE jáde lọ́dún 1992, èyí tó so ọrọ̀ ajé, èéfín, ooru àti òfò pọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ló gba Ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018. Òun àti Paul Romer ni wọ́n jọ pín in.

Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ wa jù nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ni ti iye owó ìmọ́lẹ̀, tó jáde lọ́dún 1996. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí dáná igi nínú ilé ara rẹ̀, ó bu òróró yànmọ̀ntí sínú fìtílà amọ̀ ayé àwọn ará Róòmù, ó sì fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ tó ti ibẹ̀ jáde. Ó wá ṣírò iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ kó tó lè ra ìmọ́lẹ̀ kan náà, láti ayé Bábílónì títí dé orí gílóòbù iná. Ohun tó rí ni pé ìmọ́lẹ̀ ti dínwó ju bí ìwé ìṣirò ìjọba ṣe ń fi hàn lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ti fi àtùpà elépo kẹrosíìnì kàwé rí mọ ohun tó ń wí. Kì í ṣe òfin ló lé fìtílà kúrò nílé, ohun tó dára jù ú lọ tó sì dínwó ló lé e. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò lóye ìdí tí ọkùnrin yìí fi gbójú lé owó ju àṣẹ lọ.

Orí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni ìjà wà. Lọ́dún 2006, Nicholas Stern kọ ìwé kan fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ pé kí ayé gbé ìgbésẹ̀ ńlá kíákíá. Nordhaus kò gbà. Iye tí wọ́n fi ń dín òfò ọjọ́ iwájú kù kó tó di owó òní ló fa á. Stern lo nǹkan bíi ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Nordhaus, tó ń wo èrè tí owó ń mú wá lọ́jà, lo èyí tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é. Òfò mílíọ̀nù kan náírà tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, bí a bá fi ìdá 1.4 ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi ₦249,000 ni lónìí. Bí a bá fi ìdá 4 ṣe é, kò tó ₦20,000. Ọmọ-ọmọ kan náà ni, òfò kan náà ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé ìròyìn jáde lórí bí a ṣe lè dá ooru ayé dúró sí ìwọ̀n 1.5 Celsius. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí DICE kà sí èyí tó dára jù nígbà náà yóò jẹ́ kó kọjá 3. Lójú tiwa, àwọn tó bínú sí i kò jẹ̀bi, nítorí òfò tálákà kì í pọ̀ nínú ìṣirò tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àtúnṣe tí òun àti Lint Barrage ṣe sí DICE lẹ́yìn náà, tí wọ́n pè ní ti ọdún 2023, ti gbé iye òfò tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan sókè gan-an, ó sì ti fa ooru tó fara mọ́ wálẹ̀.

Lọ́dún 2015, ó tún mú àbá mìíràn wá: kí àwọn orílẹ̀-èdè tó bá gbà láti gbé owó lé èéfín kóra jọ di ẹgbẹ́, kí wọ́n sì máa gba owó ibodè lórí ọjà àwọn tí kò bá wọlé. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ ohun tó fara jọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun gan-an. Oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ni wọ́n fi dánra wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní kíkún lọ́jọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2026. Sìmẹ́ǹtì àti ajílẹ̀ wà lára ọjà tó kàn, Nàìjíríà sì ń ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ rà wọ́n wọ Yúróòpù yóò kọ́kọ́ béèrè iye èéfín tí wọ́n fi ṣe é.